Iyùn Ààyè Ilé Yísà

Bí ẹ bá gba orí afárá kọjá ọ̀sà, tí ẹ wọ Akpakpa, tí ẹ sì béèrè Yísà Afakọ̀ ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tí kò ní fi ilé rẹ̀ hàn yín. Afakọ̀ kì í ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wà nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó lágbára bí erin, irú èyí tí wọ́n fi ń fa àwọn ọkọ̀ ńláńlá wọ èbúté Kútọnu. Ọkọ̀ tó bá ti òkè òkun dé, bó ti wù kó tóbi tó, kì í dá wọlé. Àfi kí àwọn Yísà ju okùn sí i, kí wọ́n rọra máa fà á bí ẹni ń fa àgbò lọ sídìí èèkàn.

Ọmọ Ṣakété ni. Àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ni bàbá rẹ̀, òun nìkan ló sì ṣiṣẹ́ orí omi nínú gbogbo ìdílé wọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò mọ inú omi náà rí. Omi èbúté dúdú, epo mọ́tò ń léfòó lórí rẹ̀, ojú kò sì lè ríran kọjá ibi tí ọwọ́ dé.

"Mo dà bí ẹni tó gbé orí òrùlé ilé kan láti kékeré dàgbà," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "tí kò sì wọ yàrá ilé náà rí."

Ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀yìn gan-an sì ń dùn ún, eyín kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, wọ́n gbé àpótí dígí ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, omi kún inú rẹ̀, iná aláwọ̀ aró sì tàn sí i lórí. Àwọn ẹja kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yísà kò wo ẹja. Òkúta ló ń wò. Àwọn òkúta náà yọ ọwọ́, wọ́n yọ ìka, wọ́n ń jó lọ jó bọ̀ bí omi ti ń gbá wọn. Ọ̀kan dà bí ọpọlọ ẹran, òmíràn dà bí ewé ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́ po, òmíràn bí olú tó hù lára igi.

Obìnrin tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn, ọmọ Nàgó bíi tirẹ̀, rí i bó ṣe tẹjú mọ́ wọn.

"Bàbá, wọ́n wà láàyè o," ló wí. "Iyùn ni wọ́n."

"Iyùn wo?"

"Irú èyí tí àwọn ìyá wa ń so mọ́rùn. Bó ṣe ń rí nínú òkun nìyẹn, kó tó di ìlẹ̀kẹ̀."

Yísà ní wọ́n pe orúkọ òun títí kí òun tó gbọ́, àti pé eyín náà kò tilẹ̀ dun òun mọ́.

Obìnrin yìí ló júwe Steve fún un. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni Steve. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Godomey, nítòsí oríta tí mọ́tò ti ń kó èrò, ibẹ̀ ló ti ń ta ẹja inú dígí. Inú ọ̀rá omi ni iyùn ti máa ń bá bàálù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀ fún Yísà.

"Tọ́ntọ̀n, ẹ lọ mú ẹja omi dídùn tí kò níyọ̀," ló wí. Tọ́ntọ̀n ni àwọn ọmọ Kútọnu ń pe ẹni tó bá tó bí wọn. "Òkun inú ilé kì í ṣe eré. Kò gba ẹni tó ń kánjú."

"Ọmọ mi, mo ti fi odidi òwúrọ̀ dúró de ọkọ̀ kan ṣoṣo kó yí imú rẹ̀ padà. Kí ni mò ń kánjú lọ ṣe?"

Steve rẹ́rìn-ín, ó sì gbà láti kọ́ ọ. Nílé, Ṣàrífátù ìyàwó Yísà, tó ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù ní ọjà Tọkpá, rò pé ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ òun ti gòkè dé orí. Ó ní, "Bàbá Balqees, gbogbo ayé yín lẹ fi sin òkun. Ó wá tú yín sílẹ̀, ẹ tún lọ mú un wá sí pálọ̀?" Balqees ni àkọ́bí wọn, ó ti wà nílé ọkọ ní Parakou.

Ohun àkọ́kọ́ tí Steve fi kọ́ ọ ni péáàṣì. Lẹ́tà méjì ni, bí Faransé ti ń pè é nìyẹn. Nọ́ńbà kan ni, òun ló ń sọ bí omi ṣe kan tó. Omi òkun tó dára kì í kan, nọ́ńbà tirẹ̀ máa ń lé díẹ̀ lórí mẹ́jọ. Bí kò bá tó mẹ́jọ mọ́, omi ti ń lọ sí ọ̀nà kíkan nìyẹn, á sì nira fún iyùn láti fa ẹfun inú omi. Ẹfun yìí ló fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, nọ́ńbà náà a máa wálẹ̀ díẹ̀; bí iná àpótí bá tàn lọ́sàn-án, a gòkè padà.

"Ìyẹn kò burú," ni Steve wí. "Bí omi ṣe ń mí nìyẹn. Ohun tí iyùn kò fẹ́ ni kó já lulẹ̀ lójijì, tàbí kó fò sókè lójijì. Nítorí náà, ẹ má lé nọ́ńbà, Tọ́ntọ̀n. Bó bá ṣìnà, ìdí ni kí ẹ wá."

Yísà gbọ́, ó sì fi sílò fún ìgbà pípẹ́. Fèrèsé pálọ̀ wọn kọjú sí ìhà òkun, tọ̀sán tòru ló ń gba atẹ́gùn. Omi dúró sójú kan. Iyùn aláwọ̀ ewé tó kọ́kọ́ rà, tí kò ju àtàǹpàkò lọ nígbà tí Steve gbé e lé e lọ́wọ́, fẹ̀ títí ó fi tó àwo oúnjẹ. Àwa aládùúgbò á máa yà síbẹ̀ bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó jókòó, a kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ ọdún kan mú tí ó mú kọjá bó ṣe yẹ. Eruku bo ewé, ó bo òrùlé, a kì í rí òdìkejì ọ̀sà láàárọ̀. Ìpè wá láti Pobẹ̀ pé ikọ́ fée tún ti dé bá ìyá Ṣàrífátù, pé kò lè sùn mọ́. Wọ́n lọ gbé e wá sí Kútọnu.

Ìyá Pobẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òwò gàrí ló ṣe láyé rẹ̀, láti Pobẹ̀ dé Àjàṣẹ́. Nígbà tí Yísà wá tọrọ ọmọ rẹ̀ láyé ọjọ́un, ó ní òun kò bí ọmọ fún òkun, pé ẹni tí òkun bá gbé, a kì í rí òkú rẹ̀ sin. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ tí ìgbéyàwó náà fi wáyé. Láti ìgbà náà, òun àti Yísà ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í kọjá ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ara ńkọ́.

Dókítà ní eruku ni ọ̀tá Ìyá. Ó ní kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n sì máa tan ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí a ń pè ní kilíìmù níhìn-ín. Pálọ̀ nìkan ló ní kilíìmù nílé Yísà. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ibùsùn Ìyá sí, ní iwájú àpótí dígí gan-an.

Ìyá kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí kò lè jáde, kí ni kò ní wò tán? Ó wo ògiri, ó wo àjà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó yí ojú padà.

"Bàbá Balqees," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, "èyí tó dà bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ṣé kò yá ni? Ó ti pa ọwọ́ dé láti àná."

"Oorun ló ń sùn, Ìyá. Iná rẹ̀ kò tíì tàn."

"Ó ń sùn! Kí ló ń jẹ?"

Yísà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ fún un pé iyùn ni, irú ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ yẹn. Ìyá fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

"Egungun nìyí nígbà náà?"

"Egungun ni, Ìyá. Òun náà sì ni ilé tí wọ́n ń gbé."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. "Áà! Mo so òkú mọ́rùn lọ sílé ọkọ!"

Láti ọjọ́ yẹn ó di olùṣọ́ àpótí náà. Ó sọ wọ́n ní orúkọ. Èyí tí kì í dẹ́kun jíjó ni Aláìsinmi. Èyí tó ń tijú, tí ẹja bá kọjá tó ń pa ara rẹ̀ mọ́, ni Ìyàwó. Iyùn aláwọ̀ ewé ńlá nì ni Baálé. Bí Yísà bá wọlé, kò tíì bọ́ bàtà tán tí Ìyá á ti máa ròyìn ohun tí oníkálukú wọn ṣe fún un.

Àwọn ará Pobẹ̀ gbọ́ pé Ìyá wà ní Kútọnu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i. Àwọn àbúrò wá, àwọn ọmọ àbúrò wá, àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà nígbà kan náà wá. Nítorí eruku, inú pálọ̀ ni gbogbo wọn ń jókòó sí, ilẹ̀kùn ní títì, fèrèsé ní títì. Ràzáàkì, àbúrò Ṣàrífátù, tilẹ̀ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ wá, wọ́n ń sùn lórí ẹní yí ibùsùn Ìyá ká. Ilé kún, ó dùn.

Ìgbà yẹn ni Baálé bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì.

Yísà ní ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bíi bírò, òun ló fi ń wọn péáàṣì. Ó tì í bọ omi. Nọ́ńbà kò tó mẹ́jọ. Ó nu ẹ̀rọ náà, ó tún tì í bọ̀ ọ́, kò yí padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún ti wálẹ̀ sí i.

Ohun tí Steve ní kó má ṣe gan-an ló wá ṣe. Ó lé nọ́ńbà. Ìyẹ̀fun funfun kan wà tí wọ́n ń pò sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kí kíkan rẹ̀ lè lọ. Yísà pò ó, ó dà á sí i, nọ́ńbà sì fò sókè. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti já bọ́ padà. Ó tún pò ó, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Báyìí ló ń ti omi sókè tí omi ń jábọ́, bí ẹni ń gun ọ̀pẹ tí wọ́n ta epo sí lára. Àwọn iyùn tó ṣì ń gbìyànjú láti yọ ọwọ́ kó ọwọ́ wọlé. Etí Baálé bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Bí iyùn bá ń funfun báyẹn, ẹran ara rẹ̀ ló ń kú lọ tí egungun ń yọ.

Ṣàrífátù kíyè sí i pé ọkọ òun kò fi ọwọ́ kan oúnjẹ mọ́. Ó ní, "Ìyá mi ń ṣàìsàn, ẹ ń jẹun. Òkúta ń ṣàìsàn, oúnjẹ kò lọ." Kò pariwo, kò sì rẹ́rìn-ín.

Yísà pe Steve. Steve dé, ó wo omi, ó wo ike ìyẹ̀fun tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó wo àwọn ènìyàn tó kún pálọ̀ dẹ́nu ọ̀nà.

"Tọ́ntọ̀n, ẹ ti ń lé nọ́ńbà."

Yísà mú ike ìyẹ̀fun náà, ó dé e.

Steve bu omi àpótí sínú ife kan, ó sì gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ki ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ìta sí omi náà. Ó ní kí wọ́n jókòó. Ṣàrífátù gbé àkàsà àti ẹja díndín wá fún un. Nígbà tó jẹun tán, tó fọwọ́, ó wọn omi ife náà. Nọ́ńbà ti kọjá mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò bu nǹkan kan sí i.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Omi kan náà, iyọ̀ kan náà. Afẹ́fẹ́ nìkan ló yàtọ̀."

Wọ́n wọlé padà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó ń ṣàlàyé. Ọmọ Gùn ni ìyá Steve, bí ọ̀rọ̀ bá sì jinlẹ̀, Faransé máa ń sá fún un, á bọ́ sí èdè ìyá rẹ̀, èyí tí Yísà gbọ́ dáadáa.

"Èémí ni. Ohun tí ènìyàn ń mí síta, omi ń fà á mu, òun ló sì ń mú omi kan. Ilé tó bá ṣí, atẹ́gùn á gbé e lọ. Ilé tó bá tì, tí èrò pọ̀ níbẹ̀, kò ríbi gbà. Kilíìmù yìí kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, èyí tó wà nílẹ̀ náà ló ń mú tutù. Ẹ ṣí fèrèsé, Tọ́ntọ̀n. Omi á padà sípò."

"Fèrèsé kò ṣeé ṣí."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n kó wọn lọ sí Godomey."

"Ṣé wọ́n á yè é?"

Steve wo Baálé. "Àwọn kan lè yè é. Èyí kò ní dé orí afárá."

Yísà ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Àwọn méjèèjì kò wo ẹ̀yìn wò. Ìyá Pobẹ̀ wà lórí ibùsùn, ó di ojú. Ẹni tó ti ta gàrí ní Àjàṣẹ́, ìlú àwọn Gùn, láti ìgbà ọ̀dọ́, Gùn kò lè ṣàjèjì sí i. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ṣàrífátù wà lọ́jà, Ràzáàkì àti àwọn ọmọ jáde lọ, ìyàwó rẹ̀ ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá ní òun fẹ́ sùn. Yísà lọ kírun. Nígbà tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ó rí kọ́tìnnì pálọ̀ rẹ̀ láti òkèèrè. Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ jáde láti ojú fèrèsé.

Ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò rántí dùn ún. Ó sáré. Ó bá Ìyá lórí àga lábẹ́ fèrèsé, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, èjìká ń lọ sókè sódò, eruku ti bo gèlè rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde. Yísà ti fèrèsé, ó wá oògùn tí wọ́n ń fín sí i lẹ́nu, ó fín in, kò tó. Ó ké sí mi. Èmi ni mo wa mọ́tò mi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ní gbogbo ọ̀nà, ó gbé orí Ìyá lé àyà ara rẹ̀, ó ń sọ fún un pé, "Ẹ rọra, Ìyá. Ẹ rọra mí. Ẹ bá mi rọra mí."

Wọ́n fi ọ̀pá afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣàrífátù ti Tọkpá dé, òwú ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀.

"Ta ló ṣí fèrèsé?"

Yísà wo ilẹ̀.

"Bàbá Balqees, mo ní ta ló ṣí fèrèsé?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ kò mọ̀. Ìyá mi wà nínú yàrá, iyùn yín wà nínú yàrá, ẹ kò mọ ẹni tó ṣí fèrèsé."

Kò gbèjà ara rẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ní ìdájí ọjọ́ náà, nígbà tó jí láti kírun, ó dúró ní ìdí fèrèsé yẹn. Ó gbé ọwọ́ lé irin tí wọ́n fi ń tì í. Ó gbọ́ bí Ìyá ti ń mí lẹ́yìn òun, ó sì mú ọwọ́ kúrò. Ó ní, "Ọwọ́ mi kò ṣí i, ṣùgbọ́n ó kàn án. Kí ni mo fẹ́ búra sí?"

Nígbà tí ohùn Ìyá padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé, "Má bá ọkọ rẹ jà. Èmi ni."

Wọ́n jọ wò ó.

"Mo gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ. Ó ní èémí mi ló ń pa wọ́n."

"Gbogbo wa ni, Ìyá," ni Yísà wí. "Kì í ṣe èémí yín nìkan."

"Ta ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tọ̀sán tòru? Mo wo Baálé, mo rí i pé funfun náà ti ń wọ àárín rẹ̀. Mo ní kí n ṣí i díẹ̀, kí àwọn náà gba tiwọn. Mo rò pé n ó tì í kí ẹ tó dé." Ó sinmi. "Apá mi kò ká a mọ́."

Ṣàrífátù bú sẹ́kún. Yísà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní Steve yóò wá kó wọn lọ lọ́la, kò sì ní sí ariwo mọ́. "Òkúta lásán ni wọ́n, Ìyá."

"Ẹ má purọ́ fún aláìsàn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé wọn kì í ṣe òkúta." Ìyá dì í lọ́wọ́ mú. "Bí ẹ bá kó wọn lọ, kí ni kí n máa wò? Ògiri? Mo ti wo ògiri tán. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn."

Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ ihò imú Ìyá ni Yísà ń wò. Ó fi ojú tẹ̀ lé e láti imú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, títí dé ibi tó ti wọ àgbá irin kan ní igun yàrá. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà nìkan kọ́ ni Ìyá ń mí. Láti ibòmíràn ni wọ́n ti ń gbé e wá bá a.

Ó jáde, ó pe Steve. "Ẹ̀rọ tó ń mú omi hó nínú àpótí mi, níbo ló ti ń fa afẹ́fẹ́?"

Ẹ̀rọ kan wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi títí yóò fi hó bí ọṣẹ, kí ìdọ̀tí lè bá híhó náà jáde.

"Inú pálọ̀ ni, Tọ́ntọ̀n."

"Bí a bá fi rọ́bà so ó mọ́ ìta ńkọ́?"

"Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é níbi tí òtútù kì í ti jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ta ní ń ti fèrèsé ní Kútọnu?"

Ìyá ṣì wà nílé ìwòsàn nígbà tí wọ́n lu ògiri. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Ṣàrífátù fúnra rẹ̀ mú aṣọ tútù, ó fi bo àpótí náà yí ká kí eruku bíríkì má bàa wọ inú omi. Yísà di etí kejì aṣọ náà mú. Wọ́n ki rọ́bà gba inú ihò náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ máńgòrò. Wọ́n fi òwú dí ẹnu rẹ̀ kó lè máa sẹ́ eruku, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dí ihò tó yí rọ́bà ká. Afẹ́fẹ́ ìta ń wọ inú omi, pálọ̀ sì tì pa.

Ṣàrífátù bi dókítà bóyá yàrá tó tì, tí èrò kún bẹ́ẹ̀, dára fún Ìyá pàápàá. Ó ya dókítà lẹ́nu. Ó ní òun kò mọ̀ pé èrò pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n dín in kù. Ràzáàkì kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Pobẹ̀. Ẹni tó bá wá kí Ìyá á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bínú. Ṣàrífátù ní kí wọ́n bínú.

Nọ́ńbà kò fò sókè. Ó rọra ń gòkè, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀pá, ó sì dúró síbi tó yẹ. Yísà kò tún bu ìyẹ̀fun. Aláìsinmi kọ́kọ́ yọ ọwọ́. Baálé ti kú.

Nígbà tí Ìyá dé láti ilé ìwòsàn, ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Wọ́n sọ fún un. Ó wo egungun funfun náà títí. "Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí a máa rí i."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ, ó sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan, Àjàyí. Kí wọ́n tó kọ́ èbúté, inú ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ti máa ń kó ẹrù láti ara ọkọ̀ ńlá wá. Àjàyí kúrò ní Pobẹ̀, ó wá di ọ̀kan nínú àwọn tó ń tù ú. Ìgbì dojú ọkọ̀ wọn dé. Ìyá wọn dúró ní etí òkun Kútọnu títí wọ́n fi fà á lọ sílé.

"A kò rí i sin," ni Ìyá wí. "Nígbà tí ẹ wá tọrọ ọmọ mi, ẹ̀yin kọ́ ni mo kọ̀. Bí ẹ ti ń sọ iṣẹ́ yín, Àjàyí ni mò ń rí."

Yísà ní òun kò bínú rí. Ìyá ní irọ́ ni. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni Ìyá bi í pé, "Ẹ sọ fún mi, ìsàlẹ̀ òkun níbi tí Àjàyí wà, ṣé ó dára báyìí?"

Yísà wo àpótí náà pẹ́. Kò fẹ́ purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Níbi tí omi ti mọ́, Ìyá, ó dára. Tiwa níhìn-ín, yanrìn ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹja wà níbẹ̀, ó sì dákẹ́."

"Ó dákẹ́," ni Ìyá wí. "Ìyẹn náà dára."

Òjò àkọ́kọ́ fọ eruku lọ, dókítà sì ní Ìyá lè padà sílé. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mọ́tò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ ń fọn fèrè, Ìyá ní kí wọ́n dúró ná. Ó lọ dúró níwájú àpótí, ó sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dágbére fún ará ilé. Ìyàwó, tó ti pa ara mọ́ láti ìgbà àìsàn náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìka kan síta.

"Má tijú mọ́," ni Ìyá sọ fún un.

Bó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ilé báyìí, Yísà ló ń pè lórí fóònù, kì í pe ọmọ tó bí. Ṣàrífátù á máa ráhùn, á ní àwọn méjèèjì ti gbàgbé pé òun wà láyé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìpè kan wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá ń béèrè bí omi ṣe wà, bóyá ó kan, bóyá Aláìsinmi ṣì ń da gbogbo wọn láàmú. Yísà gbé fóònù sún mọ́ dígí kí Ìyá lè gbọ́ bí omi ti ń hó, ó sì ń fi ọwọ́ júwe fún un bí iyùn tuntun kan ṣe ń la ọwọ́, bí ẹni pé Ìyá ń rí i láti Pobẹ̀.